Físà London ò lè mú yín wọ Dublin o

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ káàkiri tó ń dùn mí gan-an torí owó àwọn èèyàn wa ló ń bá a ṣòfò. Wọ́n á ní "ṣebí ẹ̀gbẹ́ London náà ni Ireland wà, tó o bá ti ní físà UK wàá kàn wọlé ni", ẹlòmíì á ní rárá o, Schengen, físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣebí euro ni wọ́n ń ná. Irọ́ ni méjèèjì. Lóòótọ́ Ireland wà nínú European Union, àmọ́ wọn ò sí nínú Schengen, físà tiwọn sì dá dúró gedegbe.

Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú ni pé àdéhùn kan wà láàárín UK àti Ireland, Common Travel Area ni wọ́n ń pè é, ó jẹ́ kí ọmọ ìlú méjèèjì máa lọ máa bọ̀ bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni mo sọ o. Ẹ lè ti máa gbé Peckham ní London láti ọdún gbọọrọ, kẹ́ ẹ ní ìwé ìgbélùú, kẹ́ ẹ máa san owó orí, tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ló ṣì wà lọ́wọ́ yín, físà Ireland lẹ máa lọ gbà. Ètò kan wà tó fàyè gba àwọn ará China àti India láti fi físà kan wọ ìlú méjèèjì, wọn ò fi Nàìjíríà kún un.

Àwọn tó ń ní "ẹ gba Belfast wọ̀ ọ́", ìyẹn ìlú Northern Ireland tó wà lábẹ́ UK, ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Òótọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì láti Belfast lọ sí Dublin ẹ ò ní rí géètì kankan lójú ọ̀nà, ohun tẹ́ ẹ máa kàn rí ni pé àmì ojú ọ̀nà tó ń fi máìlì ka ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kìlómítà kà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá Ireland, Gardaí, máa ń dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n á wọlé, wọ́n á máa bèèrè pásípọ́ọ̀tì láti àga dé àga. Tí wọ́n bá dá yín padà, ẹ máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù físà tó bá tún kù.

Dublin, olú ìlú Ireland, sì tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ gba físà. Àwọn òǹkọ̀wé Yeats, Shaw àti Beckett, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gba Nobel ti lítíréṣọ̀, ní 1923, 1925 àti 1969. Ọ̀fẹ́ ni ẹ máa wo àwọn ìwé àti ìwé àfọwọ́kọ Yeats ní National Library ní Kildare Street. Ní Sweny's, ṣọ́ọ̀bù oògùn àtijọ́ kékeré kan ní Lincoln Place, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń ka ìwé òǹkọ̀wé James Joyce sókè, wọ́n sì ń ta ọṣẹ ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà nínú ìtàn rẹ̀, Ulysses. Ti yunifásítì Trinity ní tiẹ̀, ẹ máa sanwó, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé inú Long Room, gbọ̀ngàn ìwé àtijọ́ wọn, kúrò nítorí àtúnṣe, ẹni tó bá ń torí fótò lọ kó mọ̀.

Tó bá jẹ́ June 16 lẹ fẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa ń wọṣọ bíi ti 1904 káàkiri ìgboro torí ọjọ́ yẹn ní 1904 ni ìtàn Joyce yẹn wáyé, oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í gba fọ́ọ̀mù kó tó ku oṣù mẹ́ta. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa ti kún un, €60 ni físà wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan, €100 ni ti ọ̀pọ̀ ìgbà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti Dublin yà sí Belfast kẹ́ ẹ tún padà, ti ẹ̀ẹ̀kan ò ní gbà yín, ẹ sì tún nílò físà UK fún Belfast yẹn. Tí orílẹ̀-èdè èyíkéyìí bá ti kọ̀ yín rí, ẹ sọ ọ́. Ẹ sì tẹ ìwé hòtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà sórí bébà, kó wà nínú báàgì ọwọ́, torí bí físà bá tiẹ̀ wà nínú pásípọ́ọ̀tì, ìmíígíréṣọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú Dublin ṣì lè bèèrè wọn kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé.