Gọ́tà La Béèrè O!

Ẹ bá mi bi àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ wa o: ta ló ní kànga ẹ̀rọ la fẹ́? Àdúgbò wa ní Òṣogbo yìí ti ní méjì. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìkejì, tìlù-tìfọn ni wọ́n fi ṣí i, omi ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dákẹ́. Lánàá, wọ́n tún já páìpù sílẹ̀. Ìkẹta ń bọ̀!

Gọ́tà ni wàhálà wa. Tí òjò bá rọ̀ fún ìdajì wákàtí péré, omi á gbé ọ̀rá, ẹrẹ̀ àti bàtà ẹsẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti kọ lẹ́tà. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i, ó ní, "A ti rí i, ẹ̀gbọ́n." Òǹtẹ̀ yẹn nìkan lèmi rí.

Bẹ́ẹ̀, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dárúkọ gọ́tà gan-an mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ọjà, ibùdókọ̀ àti kíkó ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ta ló ń gé rìbọ́ọ̀nù nídìí gọ́tà? Kànga ẹ̀rọ ló ní ògiri tí wọ́n lè kọ orúkọ ọ̀gá sí.

Wọ́n tiẹ̀ pè wá sípàdé nígbà kan, pé ká wá sọ ohun tá a fẹ́. Ká tó jókòó, wọ́n ti tẹ ìwé "ohun tí ará ìlú béèrè" jáde. Ìrẹsì la jẹ. (Ó dùn o, mi ò ní parọ́.)

Mo ti to búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà báyìí. Òjò sì ti ń ṣú.