Ta ló sọ pé ẹ̀rọ ò bá ọpọlọ obìnrin mu?

Ibi ìsọmọlórúkọ kan la wà lóṣù tó kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Mechanical Engineering sí fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀ ni. Bàbá kan nínú ẹbí gbọ́, wọ́n dá òkèlè tí wọ́n fẹ́ fi sẹ́nu dúró, wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yìí, lọ pààrọ̀ ẹ̀ sí Accounting. Ẹ̀rọ ò bá ọpọlọ obìnrin mu. Ọlọ́run ò dá yín fún un." Àwọn ìyá tó wà nítòsí ń mi orí. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu, torí kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ rí. Kí n má purọ́, èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo aró tiwa ná. L'Ábẹ́òkúta àti l'Óṣogbo, obìnrin ló ni iṣẹ́ aró. Ìyá aláró ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi eérú sẹ́ omi tí wọ́n máa rẹ èlú sí. Ahọ́n ni wọ́n fi ń tọ́ omi náà wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti le tó. Kẹ́mísìrì pọ́ńbélé nìyẹn. Ẹ wá lọ sí Kofar Mata ní Kánò, níbi tí kòtò aró ti wà láti ayébáyé: ọkùnrin lẹ máa bá níbẹ̀. Tí ìyá aláró Abẹ́òkúta bá débẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ ọkùnrin ló ń wá ṣe. Tí aláró Kánò bá wá sọ́dọ̀ tiwa, a ó máa fi í rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni Ọlọ́run dá fún aró?

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. Ní 1946, Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń jẹ́ ENIAC jáde fáráyé. Obìnrin mẹ́fà ló to iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe: Kay McNulty, Betty Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Fran Bilas àti Ruth Lichterman. Kò sí ìwé kankan tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwòrán wáyà ni wọ́n tẹ́ síwájú, tí wọ́n ń wò títí wọ́n fi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin ni wọ́n gbé e fún? Wọ́n rò pé kíkọ́ ẹ̀rọ náà ni iṣẹ́ gidi, pé títo ètò tó ń darí rẹ̀ ò ju iṣẹ́ akọ̀wé lọ. Ìgbà tó di iṣẹ́ olówó, tó di iṣẹ́ iyì, la wá ń gbọ́ pé ọpọlọ obìnrin ò gbé e.

Lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà ni iye àwọn obìnrin tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti fi èyí hàn kedere. Ní 1984, nínú 100 tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, bíi 37 jẹ́ obìnrin. Nígbà tó máa fi di 2010, wọn ò ju bíi 18 lọ. Ṣé ọpọlọ àwọn ìyá ló dára, tí ti àwọn ọmọ wá dìdàkudà? Kọ̀ǹpútà tó wọnú ilé lásìkò yẹn ni: ọmọkùnrin ni wọ́n ń polówó rẹ̀ fún, yàrá ọmọkùnrin ni wọ́n ń gbé e sí. Nígbà tí gbogbo wọn bá pàdé ní ọdún kìíní ní yunifásítì, olùkọ́ á máa sáré bọ̀ bí ẹni pé gbogbo kíláàsì ló ti fọwọ́ kàn án rí.

Àwọn kan rí i, wọ́n sì tún un ṣe. Ní Carnegie Mellon, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, 7 péré nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló jẹ́ obìnrin ní 1995. Àwọn olùwádìí méjì, Jane Margolis àti Allan Fisher, jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ti mọ kọ̀ǹpútà lò láti ilé kọ́ ló ń ṣe dáadáa jù ní ìgbẹ̀yìn. Wọn ò wá ka ìrírí àtilé sí mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé, wọ́n sì ṣí oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn lè gbà bẹ̀rẹ̀. Ní 2000, ó ti di 42.

Bàbá wa tún ní ìdáhùn mìíràn: "Àwọn Òyìnbó nìyẹn, wọ́n ti lajú, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀." Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn jù. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, gbé ìṣirò jáde ní 2021. Nínú 100 tó gboyè ẹnjiníà, obìnrin jẹ́ bíi 16 ní Swítsàlandì, 14 ní Jàpáánì, 20 ní Amẹ́ríkà. Ní Kúbà, ó tó 41. Ní Bẹ̀nẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ilẹ̀ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ó lé ní 54! Mi ò ní fi èyí yangàn ju bó ti yẹ lọ, torí àwọn tó gboyè nìkan ni iye yẹn ń kà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní Bẹ̀nẹ̀ ò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọpọlọ obìnrin ò gbé e, kó lọ ṣàlàyé Bẹ̀nẹ̀ fún mi.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní ẹran lára lọ́wọ́ àwọn tó ń jiyàn ni ti ìdánwò yíyí nǹkan lójú inú: wọ́n á fi àwòrán ohun kan hàn ọ́, wọ́n á ní tí a bá yí i báyìí, báwo ló ṣe máa rí? Òótọ́ ni, ọkùnrin sábà máa ń gba máàkì jù nínú rẹ̀. Sheryl Sorby, ẹnjiníà tó ń kọ́ni nígbà náà ní Michigan Tech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tóun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, yíyàwòrán ẹ̀rọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nídìí ẹ̀kọ́ náà. Ní 1993, ó dá kọ́ọ̀sì kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀: bùlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n ń tò pọ̀, pẹ́ńsùlù, bébà, kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́ yìí, kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́ tọ̀hún. Máàkì wọn gòkè, àwọn obìnrin tó ṣe é sì dúró sídìí ẹnjiníà ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Ó tún rí i pé ẹni tó bá ti fi nǹkan àtòpọ̀ ṣeré láti kékeré ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n jù. Ta la máa ń rà á fún?

Deborah Ajakaiye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì nílẹ̀ Áfíríkà, ní 1980, ilé tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ ilé dọ́gba láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ló ti jáde wá. Mo máa ń rántí ìyẹn ju oyè rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ní tiwọn, láti 1958 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ó di 2024 kí obìnrin, Margaret Oguntala, tó jókòó sórí àga ààrẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Wọ́n pe àbúrò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, kó wá bá bàbá rẹ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ máa fọ abọ́. Mo bá a nídìí abọ́, mo gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ síbi jẹnẹrétọ̀. Bàbá ń wò mí. Abọ́ àmàlà wọn ni mo kọ́kọ́ fọ̀.