Owó Òṣogbo wọ báńkì, ibo ló gbà lọ?

Obìnrin aládìrẹ kan ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo, gbé fóònù rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ pé ká bá òun ka alẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Owó àtẹ̀jíṣẹ́, owó ìtọ́jú àkáǹtì, owó káàdì, 50 náírà tìjọba, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Láàárín wọn ni owó tí òun fúnra rẹ̀ ń san wọlé: 40,000 lọ́jọ́ kan, 25,000 lọ́jọ́ mìíràn, 60,000 lásìkò ọdún Ọ̀ṣun tí àlejò ra ọjà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń fowó sí báńkì yìí. Ìgbà tó wá fẹ́ yá 500,000 kó lè ra aṣọ funfun àti aró sílẹ̀ de ọdún, wọ́n ní kó lọ mú ìwé ilẹ̀ wá. Ilé ẹbí ló ń gbé. Ọ̀dọ̀ olówó èlé ló padà sí.

Ká ní báńkì kan ṣoṣo ló wà nílùú ni, à bá ní kò síbi tó lè yà sí. Ṣùgbọ́n láti Òkè-Fíà dé Ọláìyá, báńkì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ni. Wọ́n sọ fún wa pé bí ìjọba bá ti tú ìjánu lẹ́nu báńkì, ìdíje ni yóò mú kí wọ́n máa wá oníbàárà kiri. Ó yá, wọ́n ń díje. Kí ni wọ́n ń dù?

A ò ní parọ́ mọ́ àná. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ yóò rántí tálì: wọn á fún ọ ní nọ́ńbà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wàá jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n nítorí owó tìrẹ. Báńkì ò pọ̀ nígbà náà, First Bank, Union àti UBA ló gba iwájú. Ìjọba ló ń dá iye èlé, ìjọba ló ń sọ irú òwò tí wọn yóò yá lówó, kò sì sídìí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ dá báńkì sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ̀wọ́ owó èlé fún ọjà. Báńkì tó jẹ́ nǹkan bíi 40 di 120 lọ́dún 1992. Zenith àti GTBank, 1990 ni wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọlé, tálì kógbá sílé. Ohun rere ni, a dúpẹ́ ẹ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọlé nígbà náà kò wá nítorí aládìrẹ tàbí alágbàdo. Dọ́là ni wọ́n bá wá. Wọ́n ń rà á ní iye tí ìjọba ń tà á, wọ́n ń tà á ní iye tọ́jà, èrè ti wọlé. Àwọn tó ni báńkì tún ń yá ara wọn ní owó oníbàárà, wọn ò sì dá a padà. Ìjọba ṣí ọgbà sílẹ̀, kò fi olùṣọ́ tó tó sí i. Lóṣù Kìíní ọdún 1998, báńkì 26 ni ìjọba gba ìwé àṣẹ kúrò lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò lè gbàgbé páàsìbúùkù ìyá rẹ̀. Inú ọ̀rá ni ìyá máa ń dì í sí, ọ̀rá wà nísàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ ìró sányán. Ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ìròyìn pé nǹkan ti ṣe báńkì wọn, wọ́n ṣì wé gèlè kí wọ́n tó jáde, torí lójú wọn, báńkì kì í ṣe ibi tí èèyàn ń múra wúruwùru lọ. Ṣéènì àti àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dójútòfò owó tó wà ní báńkì, wà nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n 50,000 náírà ni òfin ní kí wọ́n san fún ẹnì kan, owó ìyá sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù di dúró-ná: wọ́n ń ta ilé báńkì, wọ́n ń lé onígbèsè. Ìyá ò tún fi kọ́bọ̀ sí báńkì mọ́ títí wọ́n fi kú. Alájọ ló ń gba owó wọn láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba wá fì sí apá kejì. Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde lóṣù Keje ọdún 2004 pé báńkì tí kò bá ní bílíọ̀nù 25 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bílíọ̀nù 2 ni tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà, 25 ló kù nígbà tí ọdún 2005 parí. National Bank, tó ti wà láti 1933, wọ inú Wema. Wọ́n ní tí báńkì bá tóbi, kò ní wó. Kò pé ọdún mẹ́rin tí Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò lẹ́yìn Soludo, fi lé ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan, lóṣù Kẹjọ ọdún 2009, tí wọ́n sì da bílíọ̀nù 420 náírà sínú báńkì wọn kó má baà dàwó. Diamond wọ inú Access ní 2019. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, òfin tuntun tún dé: bílíọ̀nù 500 fún báńkì tó bá fẹ́ ṣòwò dé òkè òkun, bílíọ̀nù 200 fún ti gbogbo Nàìjíríà, bílíọ̀nù 50 fún ti agbègbè, gbèdéke rẹ̀ sì ni 31 oṣù Kẹta ọdún 2026.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, dọ́là ni wọ́n ń dù. Nígbà tí wọ́n tì í, àwọn tó kù nínú ilé ń du owó ìjọba: wọ́n ń ra bọ́ǹdì, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, wọ́n ń jẹ èlé rẹ̀, wọn ò sì níṣòro kankan. Lójú tiwa, iye báńkì tó wà kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo owó èlé. Ká ní àwọn báńkì ń du owó wa ní tòótọ́, kò sídìí fún Báńkì Àpapọ̀ láti pàṣẹ iye tí wọn ó san fún ẹni tó fowó pamọ́. Àmọ́ ó pọn dandan kó pàṣẹ lóṣù Kẹjọ ọdún 2022: ó kéré tán, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀, èyí tó fi ń darí èlé gbogbo báńkì. Nígbà tí òṣùwọ̀n náà dé 27.5% lóṣù Kọkànlá ọdún 2024, ohun tí àṣẹ yìí fi dá aládìrẹ wa lójú kò ju 8.25% lọ. Ẹni tó bá rí owó yá lọ́dọ̀ báńkì kan náà ń san 30% àti jù bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti rí ìdíje tó kan mẹ̀kúnnù ni abẹ́ agbòjò POS. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di góòlù, tí àwọn kan ń san 2,000 kí wọ́n tó rí 10,000 gbà, àwọn ọlọ́jà wa kó lọ sọ́dọ̀ irú OPay àti Moniepoint, àwọn iléeṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ orí fóònù, torí pé owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ níbẹ̀ ń dé. Àwọn báńkì àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sáré tún ilé ṣe. Òmìnira tó wúlò nìyẹn: kí oníbàárà lè gbéra, kó sì ríbi lọ. Ìdí nìyẹn tí inú wa kò fi dùn lóṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí OPay, Moniepoint àti irú wọn dáwọ́ gbígba oníbàárà tuntun dúró. Oṣù Kẹfà ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà mọ̀, kí wọ́n tún ìyẹn ṣe. Ilẹ̀kùn ò yẹ ní títì.

Nítorí náà, a ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí ìjọba padà máa dá iye èlé fún gbogbo ayé. A ti jókòó ti tálì rí. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ìwé àṣẹ báńkì agbègbè, ti bílíọ̀nù 50 yẹn, má jẹ́ orúkọ lásán. Àwọn oníṣòwò Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ondó lè kó owó jọ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, kí Báńkì Àpapọ̀ má fi kọ́ńdísọ̀n tí a ṣe fún Èkó dí wọn lọ́nà, kó sì rán olùṣọ́ tó mọṣẹ́ tẹ̀ lé wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Èyí tó tún ká wa lára jù ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún aráàlú pé èló ni báńkì kan kó ní Òṣogbo, èló ló sì yá jáde ní Òṣogbo. Lábẹ́ ètò báńkì ìgbèríko tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, wọ́n fi dandan lé e pé kí báńkì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará oko. Lónìí, ẹ̀ka báńkì lè fi ogún ọdún gba owó wa láì yá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní kọ́bọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ nọ́ńbà méjèèjì sára ògiri, ní Yorùbá, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé yóò ti rí i. Gómìnà Ọ̀ṣun ò nílò àṣẹ Àbújá kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń yan báńkì tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá. Kó béèrè nọ́ńbà méjèèjì yẹn kó tó yan èyíkéyìí.