Orúkọ Wà Lẹ́nu Ọ̀nà, Onílé Ti Kú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n tuntun l'Ádó-Èkìtì, ẹ má wulẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Páálí ni ẹ ó rí. Aládùúgbò mi kan ní Àdébáyọ̀ ra onínṣì 65, ó ti tó oṣù mẹ́ta, páálí rẹ̀ ṣì dúró síta dòní. Òjò ti pa á, ewúrẹ́ ti jẹ etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ "65" sí ló kọjú sí títì. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì yí i padà, ìyàwó ilé á jáde wá dá a sípò.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé o. Tẹlifíṣọ̀n náà fẹ̀ ju mítà 1.4 lọ. Nígbà tí wọ́n máa gbé e kọ́ ògiri, wọ́dúróòbù ló jáde sí kọ́rídọ̀ fún un. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì á máa yí ọrùn bí òwìwí: yóò wo gólì apá òsì, yóò sáré wo gólì apá ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ rí pápá lódindi, kó lọ bá wọ́dúróòbù ní kọ́rídọ̀.

Mi ò bú wọn. Mo ra tèmi náà. Onínṣì 43 ni, ibi tí owó mi mọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìkọ̀lé, ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Wọn kì í ra nǹkan tí kò lórúkọ. Bí wọ́n bá ti jókòó, oríkì ni wọ́n ń kì: Toshiba, Sharp, Hitachi, Pioneer, Philips. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ní ń ro ọmọ. "Ti Ṣáínà tó o fẹ́ lọ rà yẹn, ṣé ulé lo ń gbé e lọ ni àbí ààtàn?"

Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún wọn pé òkú ni wọ́n ń kì. L'Èkìtì níbí, àgbà kì í kú kí rédíò má kéde, kí fọ́tò rẹ̀ má gun òpó iná, kí àwọn ọmọ má ra aṣọ ẹbí. Àwọn yìí ò rí pósítà kankan. Ní 2009 ni Pioneer ti kéde pé òun ò ṣe tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ní 2012, Hitachi pa ṣíṣe tirẹ̀ tì. Ọdún yẹn kan náà ni Philips kó iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ mìíràn, TPV, lọ́wọ́. Ní 2016, ilé iṣẹ́ Foxconn ti Taiwan ra èyí tó pọ̀ jù nínú Sharp. Nígbà tó di 2017, Toshiba gbà láti ta ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fún Hisense ti Ṣáínà, bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì 12.9. Orúkọ Toshiba ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n o. Ẹ kúkú mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò: orúkọ baba wà gàdàgbà lẹ́nu ọ̀nà, baba ti kú, àwọn ọmọ ti ta ilé, ẹni tó rà á ò sì yọ orúkọ nítorí pé òun ni gbogbo ayé fi mọ ojúlé náà.

Ohun tó pa wọ́n ò ṣòro. Láyé tẹlifíṣọ̀n abuké, iṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì ìdí rẹ̀ ló ní ọjà. Sony gbé tẹlifíṣọ̀n tó pè ní Trinitron jáde ní 1968, ó fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n di pẹlẹbẹ, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà kó sì fi páálí tirẹ̀ dì. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi BOE, CSOT àti HKC ní Ṣáínà ń ṣe ojú yẹn ní ẹgbàágbèje, wọ́n ń tà á fún ẹni tó bá lówó. Oníyán mẹ́wàá ló ń ra iṣu lọ́wọ́ alájàpá kan, kálukú wá ń búra pé iyán tòun ló funfun jù.

Ọmọ tó tà á fún mi l'Ókèyinmi mọ èyí jù mí lọ. "Ọ̀gá mi, ẹ má wo orúkọ. Ojú ni kẹ́ ẹ wò." Mo wò ó. Ṣùgbọ́n ará Èkìtì ni mí, agbolé tí kò bá ní pròfẹ́sọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ń kàwé lọ síbẹ̀. Mo ní kí n ka orúkọ ara rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì márùn-ún tò tẹ̀léra, kò sí fáwẹ̀lì kan tí yóò là wọ́n níjà. Mo ní kí ọmọ náà bá mi pè é. Ó dún bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Mo sanwó.

"4K" wà lára páálí gàgàrà. Ilé ni mo ti rí ìwé wẹ́wẹ́ inú rẹ̀: àmì iná tíntìntín tó ń ya àwòrán lójú rẹ̀ jẹ́ 1,920 lọ́nà 1,080. Ojú 4K gidi, 3,840 lọ́nà 2,160 ni. Páálí ló jẹ́ 4K. Mo gbé páálí síta.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ó tín-ín-rín débi pé kò sí àyè fún sípíkà níwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní ògiri létí. Tèmi ti gbọ́ ìròyìn tó èyí tí yóò fi díje dupò gómìnà. Ó tún gbọ́n, ọlọ́gbọ́n ni wọ́n pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, dátà ló kọ́kọ́ béèrè, kò kí mi. Mo fún un ní gígà kan, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, NEPA mú iná lọ. Nígbà tí iná dé lóru, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kò wá sí ẹni tó bi mí léèrè bí ó ṣe ń ṣe. Orúkọ nìkan ni àlejò ń béèrè. Ó sú mi. Nígbà tí mo délé ní Ìkọ̀lé, tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn ti Bàbá ṣì wà ní pálọ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, àwo ìyàwó wọn ló ń gbé báyìí. Orúkọ ara rẹ̀, onírin, ti ń mì. Mo fi èékánná tì í díẹ̀. Ohun tí Hisense ná bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì lé lórí, súpà gúlúù ₦300 ni mo fi ṣe é.

Láti ọjọ́ náà, ojú tẹlifíṣọ̀n mi mọ́ sí i. Àlejò á wọlé, á rí orúkọ, á mi orí: "Ẹ ò rí ojúlówó!"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Ìkọ̀lé fúnra wọn wá kí mi. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi rí i. Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n fi etí agbádá nu orúkọ náà jẹ́jẹ́.

"Ohun tí mò ń wí nìyí. O gbọ́ràn." Wọ́n tún tẹ̀ mọ́ ọn. "Irú ẹ̀ ló wà lára tèmi ní ulé. Mi ò rí i mọ́. Màmá yín ní eku ló gbé e."

Mo ní, Bàbá, eku ayé ìsinsìnyí ò ṣe é fọkàn tán.