Rọpárọsẹ̀: Ilé Ìwòsàn Tó Sún Mọ́ Jù Kọ́ Ló Kàn

Àwọn aláṣẹ ètò ìlera tún ti tẹnu mọ́ ọn pé ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù ni kí ambúláǹsì máa gbé aláìsàn lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ni, a ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹni tí a fura pé rọpárọsẹ̀ kọ lù ńkọ́?

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí rí, a ó sì tún un sọ: ibi tí ẹ̀rọ CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ti ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí yẹn gan-an ló kàn. Kò sí dókítà tó lè fojú lásán mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ tàbí iṣan ló bẹ́. Àwòrán CT ló ń fi í hàn. Alteplase, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 4 àti àbọ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣì í fún ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́, ó lè pa á. Aspirin náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì; ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n fún aláìsàn ní aspirin nínú ọkọ̀.

Ẹ wo bí wákàtí wọ̀nyẹn ṣe ń ṣòfò. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ á gba aláìsàn, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á ní kí ẹbí lọ sanwó káàdì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó sọ pé ẹ̀rọ CT ti bàjẹ́, tàbí pé ẹni tó ń lò ó ti lọ sílé. Kí wọ́n tó kọ lẹ́tà, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn, kí ọkọ̀ ọ̀hún tó la sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkòròdú já, oògùn náà ò wúlò mọ́.

Lọ́dún 2010, ìlú London ya ilé ìwòsàn 8 sọ́tọ̀ fún àwọn wákàtí àkọ́kọ́ àrùn yìí, ambúláǹsì sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó kù. Iye àwọn tó ń kú dín kù. A ò ní kí gbogbo èèyàn máa wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni o. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Catalonia ní Sípéènì fi hàn pé bí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí bá lè ya àwòrán, tó sì lè fún ni ní oògùn, fífò ó kọjá lọ síbi ńlá tó jìnnà kò mú àǹfààní kan wá.

Nínú ọkọ̀, iṣẹ́ ò pọ̀: kí wọ́n wo ojú, apá àti ọ̀rọ̀ ẹnu, kí wọ́n gún ìka wo ṣúgà, nítorí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ máa ń jọ rọpárọsẹ̀, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí wọ́n bi ẹbí pé, "Ìgbà wo lẹ rí bàbá gbẹ̀yìn tí ara wọn ṣì dá?" Bí bàbá bá sùn láago mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n jí láago márùn-ún ìdájí tí ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aago mẹ́wàá la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kí ẹbí kan tẹ̀ lé wọn, kó kó oògùn tí bàbá ń lò dání. Kí ambúláǹsì sì pe ilé ìwòsàn kó tó ṣí kúrò níbẹ̀.

Òfin ìlera ọdún 2014 ti ní kí ilé ìwòsàn kankan má kọ aláìsàn pàjáwìrì. Èyí tó kù ni àtòjọ: ilé ìwòsàn wo ni CT rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé alteplase wà nílẹ̀? Kí wọ́n máa tún un ṣe nígbàkígbà tí òṣìṣẹ́ bá pààrọ̀, kó sì wà níwájú ẹni tó ń gbé ìpè pàjáwìrì 767 àti 112 l'Ékòó. Ojú ìwé kan péré ni. Kò gba ọkọ̀ tuntun, kò gba kọngílá. Ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e jáde?