Ṣé kí èmi nìkan wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀?

Arìnnàkore: Ẹ kú ìjókòó o. Mo fẹ́ fi ọjọ́ méje gbafẹ́ lórí Òkun Kàríbíánì nígbà òtútù tí ń bọ̀. Ọkọ̀ tí mo rí jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ́ fún àwọn ẹbí ọlọ́mọ, èmi nìkan ni mo sì ń lọ. Oúnjẹ alẹ́ ni ó ń kọ mí lóminú: ṣé wọn yóò fi mí jókòó ní èmi nìkan ni, àbí wọn yóò tì mí sáàárín ẹbí tí n kò mọ̀ rí?

Ìyá Ìbejì: N kò ka ọ̀rọ̀ yín dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n "èmi nìkan" tí ẹ kọ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ máa lọ, ẹ má wẹ̀yìn.

Àjàní 64: Ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ẹ dúró di àárín oṣù kìíní, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti wọlé ẹ̀kọ́, ẹ ó rí i pé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ yóò dákẹ́. Àkókò ìjì líle náà yóò ti kọjá, nítorí pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń kà á sí.

Ẹlẹ́nu Ṣàṣà: Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ owó? Ènìyàn méjì ni àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń ṣírò owó yàrá kan, nítorí náà ẹni tí ó bá dá lọ lè san owó tirẹ̀, kí ó sì tún san ti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Olè ọ̀sán gangan ni mo pè é.

Adúmáadán: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe olè. Bí ẹ sùn síbẹ̀ ní ẹyọ kan tàbí ní méjì, yàrá náà ti kún lójú ẹni tí ó ni ín. Owó èbúté àti owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ti ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ó san. Bí èyí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ọkọ̀ Norwegian Epic tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010 ní yàrá 128 tí wọ́n dìídì kọ́ fún ẹni tí ó dá wá.

Ẹlẹ́nu Ṣàṣà: Fèrèsé yàrá wọ̀nyẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó kọjú sí! Ẹ fẹ́ kí n fi ọjọ́ méje wà lójú òkun, kí n máa wo ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá?

Adúmáadán: Ta ni ó ń lọ sójú òkun láti jókòó sí yàrá? Wọ́n ní gbọ̀ngán tiwọn níbi tí wọ́n ti ń pàdé ara wọn.

Ṣàkàṣíkí: Ẹ má jà mọ́. Ẹnìkejì yín ti wà nínú yàrá kí ẹ tó dé: ọ̀bọ tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fi aṣọ ìnura ká, tí ó gbé kọ́ sókè. Òun ni ẹ ń san owó fún.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀bọ yẹn kò ní hanrun. Ẹ jẹ́ kí n sanwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Àjàní 64: MO NÍ Ẹ DÚRÓ KÍ ÀWỌN ỌMỌ WỌLÉ Ẹ̀KỌ́ NÁ!

Atukọ̀ Àná: Mo ti dá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ìdí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni wọ́n mú mi lọ. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún márùn-ún lọ bi mí pé níbo ni àwọn ọmọ mi wà; nígbà tí mo ní n kò ní, ó wò mí títí, ó sì fa ìdajì ànàmọ́ díndín rẹ̀ sínú àwo mi. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé oúnjẹ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ bá wọ ọkọ̀, kí ẹ ní kí ó pààrọ̀ ìjókòó yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹbí ni ó tún ní ibi tí ọmọdé kò gbọdọ̀ dé.

Ẹlẹ́nu Ṣàṣà: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n owó ènìyàn mélòó ni ẹ san?

Atukọ̀ Àná: Ti méjì.

Ẹlẹ́nu Ṣàṣà: Adúmáadán, ṣé ẹ gbọ́?

Adúmáadán: Mo gbọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀.

Arìnnàkore: Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, ẹni tí kò bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ rárá ní alẹ́ kan ńkọ́? Ṣé wọ́n lè gbé oúnjẹ wá bá a ní yàrá?

Ṣàkàṣíkí: Ti ènìyàn méjì ni kí wọ́n gbé wá. Ọ̀bọ náà kò tíì jẹun.