Àwòdì Òkè àti Àwa Ará Ilẹ̀

"Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun." Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹyẹ ń rà bàbà lójú ọ̀run, ó rò pé òun nìkan ló lójú. Ayé ọjọ́un nìyẹn o. Lóde àríyá tiwa yìí, ará ilẹ̀ ni kò mọ̀ pé àwòdì ń wo òun.

Wọ́n ṣe òkú àgbà kan ní àdúgbò wa ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n dí títì pa bí a ti máa ń ṣe, wọ́n ta kánópì. Alásè gbé kúlà ẹran díndín sórí tábìlì, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì lọ bá ẹnìkan jà nítorí omi. Mi ò gbọ́ ìró kankan. Atẹ́gùn kàn fẹ́ mi létí fìrì, mo rí ìrù tó là sí méjì, ẹran ti lọ! Èékánná ló fi já a gbà, kò fẹnu kàn án, kò sì bà. Òkè lọ́hùn-ún ló ti ń tẹ orí ba, tó ń jẹ ẹ́ lọ.

Ká rẹ́rìn-ín, kó tán síbẹ̀. Rárá! Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, pé ikú bàbá lọ́wọ́ ayé nínú. Wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ onífújì, àdúrà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin he òkò. Àwòdì ti rìn jìnnà; gíláàsì ọkọ̀ àna olóòkú ni òkò bà.

Àjẹ́ wo? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti le, á forí lé àríwá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni ìnáwó wa ń pọ̀. Bí wọ́n bá ń sun oko, ibẹ̀ ló ń sáré lọ, nítorí eku àti tata tó ń sá jáde fún iná. Kí ló máa rò nígbà tó bá rí èéfín alásè? Ère ẹyẹ idì pupa 7 ló wà lẹ́nu ọ̀nà Tafawa Balewa Square l'Ónìkan, a sì ń ya fọ́tò lábẹ́ wọn láìgbàdúrà.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ta ló ṣí kúlà? Ta ló ń ju egungun sábẹ́ àga? Àgbàlagbà tó wọ léèsì, á fa egungun tán, á tu ú sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú igbó! Ẹ dé ẹran yín. Ẹ kó egungun yín sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gba òkò lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín.

Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ Sọ́ńdè, abọ́ ike kún títì. Àwọn olóòkú ti lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòdì méjì ló ń bá wọn ṣa ilẹ̀. Gíláàsì yẹn ńkọ́, àbí àwọn náà ni ẹ fẹ́ kó san owó rẹ̀?